Ọ̀pá Kòkó Tí Bàámi Fi Súre fún Mi

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Karùn-ún, 2020.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìmọ́lẹ̀olúwa,

Ṣé ara yín le ní Ìbàdàn? Bàbá Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Tiwa dára, ayọ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti wọlé ọkọ! Ara Bàámi sì ti yá! Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ díẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọọ̀kì ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ẹ rántí pé ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbéyàwó ni wọ́n sọ fún Bàámi pé ọkùnrin tí wọ́n jọ jókòó nínú ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ ti kó kòrónà. Ẹnikẹ́ni ò lé wọn o. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ká aṣọ méjì, wọ́n gba oko kòkó wa lọ́nà Ẹmùré lọ, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ni àwọn máa lò nínú ahéré. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ikọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì wá ṣe àyẹ̀wò fún wọn.

Ládépọ̀ ọkọ mi ní ká sún ọjọ́ síwájú. Bàámi kọ̀, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ti kéde wa lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ jáde nílé láìjẹ́ pé ọwọ́ bàbá mi kàn mí lórí? Ẹ̀yin náà kúnlẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ tiyín. Ohun tó tún bà mí lẹ́rù jù ni pé bóyá mi ò ní rí ọwọ́ náà mọ́.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, èmi àti Màámi lọ sóko. Bàámi ní ká dúró sídìí igi obì. Àwọn dúró lẹ́nu ọ̀nà ahéré, aṣọ bo imú wọn. Mo kúnlẹ̀ sórí ewé kòkó gbígbẹ, ẹkún gbà mí lẹ́nu. Ni wọ́n bá gbé ọ̀pá oparun gígùn tí wọ́n fi ń já kòkó, wọ́n tú ọ̀bẹ orí rẹ̀, wọ́n rọra nà án títí ó fi bà lé mi lórí.

Màámi forúkọ yín pè wọ́n, wọ́n figbe ta: "Bàbá Fẹ́yì, ṣé ẹ fẹ́ já orí ọmọ mi bíi kòkó ni?"

"Ìwọ sáà máa ṣe àmín," ni Bàámi wí. "Tinúọlá, ulé ọkọ rẹ á tù ọ́ lára. Ohun tí o bá gbìn síbẹ̀ á so."

Màámi ń ṣe àmín, èmi di orí ọ̀pá náà mú.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó ni èsì àyẹ̀wò dé: kò sí kòrónà lára wọn! Èéfín iná igi tí wọ́n ń dá nínú ahéré ló ń fa ikọ́. Màámi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Àná ni Bàámi wá kí wa. Wọn ò tíì jókòó, wọn ò tíì mu omi, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí. Èmi ni mo ń ṣe àmín.

Olúwa á bá wa ṣí ọ̀nà tí ìjọba tì nítorí kòrónà, a ó fojú rinjú láìpẹ́, a ò ní fi ẹnì kankan ṣàfẹ́kù.

Èmi ni àbúrò yín tí inú rẹ̀ ń dùn,
Tinúọlá, ìyàwó Ládépọ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: awakọ̀ oníṣu ni mo fi lẹ́tà yìí rán, Bàámi ló ni iṣu márùn-ún tó wà nínú àpò. Mo ti gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ wọn. Ládépọ̀ ní òun ò rí ẹrù ìyàwó tó gùn tó báyìí rí: ìdajì rẹ̀ wà nínú yàrá wa, ìdajì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn ò sì ṣe é tì mọ́.