Àwọn Irin Rẹ Tí Mo Kùn Lọ́dà

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n to ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀, kí a má baà fi ìkíni bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀. Àwọn irin pẹlẹbẹ tí o rì mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, mo ti hú wọn. Mo fi iyanrìn àti kàìnkàìn onírin fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán bí abọ́ tuntun. Mo tún fi ọ̀dà tó ṣẹ́ kù nígbà tí a kun géètì kùn wọ́n. Bàbá rẹ mọ̀. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ ó ń wò mí, ó ní ṣé ọmọ yìí ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n ni, mo ní kó máa ka ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ. Wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa náà mọ̀, òun ló yá mi ní búrọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni ìwọ tó ni wọ́n.

Wàyí o, báwo ni ara rẹ? Ṣé ò ń jẹun? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òógùn rẹ já sásán, kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ fi ìfẹ́ ba tìẹ jẹ́. Mo mọ̀ pé àdúrà yẹn ti pẹ́ díẹ̀, ṣe àmín náà.

O mọ ìsọ̀ mi, o mọ̀ pé ìṣó, páànù àti sìmẹ́ńtì ni mò ń tà. Nílé ẹ̀kọ́ òwò tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa pé ọjà tó bá dógùn-ún lórí àtẹ, òkú ọjà ni. Ìwọ wá sọ fún wa pé ẹ̀kọ́ tí o padà lọ kà lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ ni bí ìpáàrà kò ṣe ní máa jẹ páìpù àwọn tó ń wa epo rọ̀bì. Mo bi ọ́ pé báwo ni páìpù tí epo ń gba inú rẹ̀ kọjá ṣe máa dógùn-ún, ṣebí epo la fi ń pa àgádágodo kó má baà dógùn-ún. O rẹ́rìn-ín, o ní màámi, omi àti iyọ̀ máa ń bá epo yẹn jáde, ilẹ̀ náà sì ń jẹ páìpù láti ìta, tó bá sì lu, oko olóko ló ń ṣòfò. Mo gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ohun tí n kò dúró gbọ́ ni ìdí tí o fi ri irin tìrẹ mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí òjò wẹ erùpẹ̀ kúrò lórí ọ̀kan, mo rí i tó pọ́n, tó ń ṣí bí èèpo igi. Mo ní háà, ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lé ìpáàrà, irin tirẹ̀ ló wá rí báyìí! Bí ọ̀gá rẹ ní yunifásítì bá yà síbí, ṣé kò ní fi òdo lé ọ lọ́wọ́? Orin ni mò ń kọ bí mo ṣe ń fọ̀ wọ́n. N kò mọ̀ pé ìpáàrà tí mò ń dà nù yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ, pé òun lo fẹ́ wá wọ̀n kí o lè mọ bí ilẹ̀ ṣe ń jẹ irin tó, òun lo sì ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí.

Mo ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí ọ. Fóònù fi àmì máàkì méjì sí i, àmì náà sì di aláwọ̀ aró. Níléèwé tiwa, ẹyọ kan ni tíṣà ń fi sí ohun téèyàn bá gbà. Mo sọ fún bàbá rẹ pé wò ó, ọmọ rẹ fún mi ní méjì. Mo wá ń retí kú iṣẹ́. Àfi bí àbúrò rẹ ṣe pè, ó ní ò ń sunkún, o ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àwọn ọ̀gá rẹ máa yẹ iṣẹ́ rẹ wò lóṣù yìí, o ò sì ní nǹkan tí o máa gbé síwájú wọn. Mo jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì. Oníbàárà kan ní Ìyá Oníṣó, ṣé ẹ ṣòfò ni? Mo ní oore tọ́mọ ò bẹ̀ mí ni mo ṣe.

Mo ní kí wẹ́dà gé irin mìíràn, mo rì wọ́n, mo ń bu omi iyọ̀ sí wọn láràárọ̀ kí wọ́n lè tètè dógùn-ún. Bàbá rẹ ní ìpáàrà kì í ṣe ọmọọṣẹ́ mi tí màá máa pariwo lé lórí. Inú bí mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ohun tí ilẹ̀ fi sùúrù ṣe, mo fi ọ̀sán kan pa á rẹ́. Ó dùn mí, ọmọ mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń dùn mí.

Ó ku irin kan. Lánàá ni wẹ́dà rántí pé o tún walẹ̀ lẹ́yìn táǹkì omi. A gbọ́n erùpẹ̀ díẹ̀, irin rẹ wà níbẹ̀, ìpáàrà rẹ̀ pé pérépéré. N kò fọwọ́ kàn án. Mo da erùpẹ̀ padà, mo fi agbọ̀n bo ojú ibẹ̀. Bíríkìlà tó ń bá wa tún ẹ̀yìnkùlé ṣe fẹ́ da kọnkéré síbẹ̀, mo ní kó dúró. Ó wò mí bí ẹni pé ara mi ò yá. Ó ní òun ń lọ síṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́ Sátidé lòun máa dà á, òun ò sì ní padà wá mọ́.

Nítorí o kì í gbé ìpè mi ni mo fi fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì wá. N kò fi í tọrọ owó. Ọlọ́run á tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe. Fi nọ́ńbà ọ̀gá rẹ rán awakọ̀ náà padà, èmi fúnra mi ni màá sọ fún un pé ìyá rẹ ló ṣe é. Kí o sì wá fọwọ́ ara rẹ hú èyí tó kù, kó tó di ọ̀sán Sátidé. Bí o kò bá tíì fẹ́ kí mi, má kí mi. Ẹ̀yìnkùlé ni kí o kọ́kọ́ gbà lọ.

Ìyá rẹ.