Ẹni Tó Máa Dáhùn fún Jẹ́jẹ́

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi, ẹnìkejì mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Èmi dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mo ti di ìyàwó, ayọ̀ ò jẹ́ kí n panu dé. Ọkọ mi rò pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni.

Ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ mi, tí mo ń pè ní Jẹ́jẹ́, ni mo fẹ́ sọ. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ kì í ti í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó mọ nǹkan ṣe bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ìyáàfin olùwádìí kan wá ka iye ọ̀rọ̀ tó mọ̀. Mẹ́tàlá péré ni. Ó ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n báyìí, ó ń fọ aṣọ ibùsùn nílé ìfọṣọ, ìyáàfin náà sì padà wá wo bí ayé ṣe rí fún Jẹ́jẹ́ àtàwọn ọmọ yòókù tó ka ọ̀rọ̀ wọn nígbà yẹn.

Fọ́ọ̀mù méjì ni wọ́n gbé wá: ọ̀kan tí ẹni náà máa dáhùn fúnra rẹ̀, ọ̀kan tí ẹbí máa bá a dáhùn. Kí wọ́n tó jókòó, ìyá ọkọ mi ti fọwọ́ sí ti ẹbí. Jẹ́jẹ́ fa èkejì sọ́dọ̀, ó gbé ọwọ́ lé e. Olùwádìí ní kò burú, àmọ́ bí àwọn bá ti bi í ní nǹkan, kí kálukú wa ka ení dé ogún nínú. Bí a ò bá lè dákẹ́, ti ẹbí làwọn máa kọ.

Wọ́n béèrè oúnjẹ tó fẹ́ràn jù. Ìyá ọkọ mi ò kà dé márùn-ún tí wọ́n fi ní ẹ̀wà ni. Jẹ́jẹ́ ní ẹyin ni. Olùwádìí kìlọ̀ fún wa lẹ́ẹ̀kan, ó kọ ẹyin. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń se ẹ̀wà fún un. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ, ẹnu wa la sì ń bá a fi gbà á. Mo rẹ́rìn-ín ìyá ọkọ mi sínú.

Wọ́n wá béèrè ibi tó fẹ́ máa gbé. Mo kà dé mẹ́rin, mo ní ọ̀dọ̀ wa ni, a ti kun yàrá rẹ̀. Ọkọ mi wolẹ̀. Olùwádìí gbé bírò lé fọ́ọ̀mù ẹbí. Jẹ́jẹ́ ò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tirẹ̀. Gbogbo wa tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti orí ení.

"Mi ò bá ìyàwó wa gbé," ló wí. "Ìyàwó wa dáa. Ó ń sọ̀rọ̀ jù. Yàrá kan wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́ mi. Ọ̀gá ní kí n máa bọ̀."

Ìyá ọkọ mi ní, "Ta ló máa fọ aṣọ fún ẹ, bàbá mi?"

Ó wò wọ́n títí. "Màmá, iṣẹ́ mi ni."

Olùwádìí kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù Jẹ́jẹ́.

Sátidé tó kọjá la bá a kó ẹrù. Ó fún wa lómi, ó fi àga kan ṣoṣo tó ní fún ìyá rẹ̀, nígbà tó sì tó àkókò, ó sọ fún wa pé ká máa lọ.

Bá mi kí Màmá àti bàbá ọmọ rẹ. Fi ẹnu ko ọmọ rẹ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni, tìrẹ láìyẹ̀,
Ìyàwó Ọ̀ṣìngín