Mo Dé Yola Láì Kúrò Nílé Opó

Ẹdẹ,
lẹ́yìn ìrun Àlásàrì, ọjọ́ kọkànléláàádọ́rùn-ún opó mi.

Labeebah ọmọ mi tó jìnnà,

Asalaamu alaekun. Ṣé ara le? Ṣé ọmọ inú rẹ ń tapá? Ṣé Salman ọkọ rẹ ń jẹun kó tó lọ kàwé? Ọlọ́run tí kì í tòògbé á máa bá wa ṣọ́ yín nílẹ̀ àjèjì. Oòrùn Yola kò ní pa yín, ejò ibẹ̀ kò ní mọ ọ̀nà ilé yín, èdè tí ẹ kò gbọ́ kò ní di ẹjọ́ mọ́ yín lọ́rùn. Gbogbo ará ilé kí yín. Èmi náà wà, mo ń ṣe opó bàbá yín lọ. Ẹsẹ̀ mi kò tíì kan ìta láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n, àfi ti ọ̀rọ̀ kan tó já mi láyà, òun ló jẹ́ kí n mú bírò.

Ìwọ náà mọ̀ pé n kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, tí o bá rí àṣìkọ, kí o fi ẹnu ara rẹ tún un ṣe. Àtàndá tó ń wa ọkọ̀ lọ kó ẹ̀wà wá láti òkè Ọya ló máa mú lẹ́tà yìí wá, pẹ̀lú irú àti ẹ̀lùbọ́ tí mo dì sínú àpò. Jọ̀wọ́, má ṣe pè mí mọ́ lórí fóònù tí a fi ń rí ojú títí mo fi máa jáde opó. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí o pè, Ìyábọ̀ ìyàwó àbúrò bàbá yín wọlé bá mi ní yàrá, ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, ó ní, Ìyá wa, ọmọ yín rèé. Mo rò pé fọ́tò ni. Ni fọ́tò bá ṣẹ́jú! Háà! Fọ́tò ní, Màámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fò sẹ́yìn lórí ẹní, díẹ̀ ló kù kí n ta búta àlùwàlá dànù. O ní kí n wá wo ilé yín, o sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé mi kiri. O gbé mi dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, o gbé mi dé ojú fèrèsé, o gbé mi jáde sí gbàgede. Ibẹ̀ ni mo ti rí Salman tó ká ṣòkòtò sókè, tó jókòó ti bàsíà, tó ń fọ aṣọ. Aṣọ tìrẹ ni, Labeebah! Mo rí yẹ̀rì rẹ lórí okùn! Ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n! Kí n tó pa ẹnu mi dé, o ti gbé mi yí sí ẹnu ọ̀nà, mo rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jókòó lábẹ́ igi, ọ̀kan gbójú sókè, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì juwọ́ sí mi. Kò sí nǹkan kan lórí mi, irun funfun mi wà níta gbangba. Mo ké, mo fi ìró bo fóònù mọ́lẹ̀.

Ìyábọ̀ ń rẹ́rìn-ín, èmi ń wá ìborùn mi kiri. Opó kì í jáde nílé. Opó kì í jẹ́ kí ọkùnrin àjèjì rí orí òun. Èmi rèé, mo ti dé Yola, mo ti wọ yàrá, mo ti jáde sí gbàgede, ọkùnrin mẹ́ta ti rí irun mi, ọ̀kan nínú wọn sì ti kí mi. Ìyábọ̀ ní, Ìyá wa, ẹ kò kúrò lórí ẹní o. Mo ní, ta ló wá rí yẹ̀rì lórí okùn ní Yola, ìwọ ni?

Kì í ṣe ẹnu ayé ló ń bà mí lẹ́rù. Bí wọ́n bá sọ pé opó mi ti bàjẹ́, pé kí n tún ọjọ́ kà láti orí oókan, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá mìíràn nìyẹn. O ti bímọ nígbà náà. Ta ló máa wẹ ọmọ? Ta ló máa fi omi gbígbóná jó ọ níkùn? Ọ̀sẹ̀ méje ni nọ́ọ̀sì sọ pé ó kù fún ọ, ọjọ́ mọ́kàndínlógójì ló kù fún mi. Mo ti fi bírò sàmì sí i lórí kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí, mo sì ti ń dúpẹ́ pé màá bá ọ. Ṣé ọwọ́ tí ẹni ẹlẹ́ni jù sókè lábẹ́ igi ló máa wá dá mi dúró? Oúnjẹ ọ̀san kò wọ̀ mí lẹ́nu.

Mo ní kí Ìyábọ̀ bá mi pe Ààfáà Jibril. Wọ́n dúró lẹ́yìn kọ́tínì, mo ro gbogbo rẹ̀, n kò fi ti yẹ̀rì pa mọ́. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Mo rò pé wọ́n ń ṣírò ọjọ́ ni, àṣé ẹ̀rín ni wọ́n ń gbé mì. Nígbà tó bú jáde, àwọn ewúrẹ́ tó wà lọ́ọ̀dẹ̀ sá. Wọ́n ní, Ìyá Labeebah, ara yín kò kúrò ní Ẹdẹ, àwòrán yín ló lọ, opó yín kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ máa bo orí yín nígbà mìíràn o. Mo dúpẹ́. Mo wá bi wọ́n pé, Ààfáà, bó bá jẹ́ àwòrán mi ló lọ, ta ló sunkún nígbà tí mo rí bí ọrùn ọmọ mi ṣe gbẹ? Wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní ìyẹn kò sí nínú kéwú tí àwọn kọ́. Èmi ti fi ọjọ́ kan kún un ní tèmi, fún àlọ àti àbọ̀. Ogójì ọjọ́ ló wá kù.

Ìyàlẹ́nu kò tíì tán. Àbúrò bàbá yín gba fọ́ọ̀mù wá láti báńkì tí bàbá yín ní owó díẹ̀ sí. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé níbo ni ẹni tó ni àkáǹtì ń gbé báyìí. Mo wo ìbéèrè yẹn títí. Èmi kì í purọ́ nínú ìwé ìjọba. Mo kọ ọ́ pé wọ́n wà lẹ́yìnkùlé wa, lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn, tí ẹ bá wọlé kí ẹ béèrè mi, màá nà án sí yín láti ojú fèrèsé. Wọ́n tún ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù bàbá yín. Mo kọ ọ́, mo fi kún un pé wọn kì í gbé e mọ́. Àbúrò bàbá yín kà á, ó kọjú sí ògiri, ó pẹ́ kó tó yíjú padà. Ó ní báńkì kò ní gbà á bẹ́ẹ̀. Kí ni mo kọ tí kì í ṣe òótọ́?

Ó wá ku ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ti ń dá ọ lóhùn tipẹ́, mo ní, o ò jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀, kí Ìyábọ̀ tó ṣàlàyé pé àná lo ti sọ ọ́. O ní o fẹ́ di ẹrù rẹ wá sílé, kí o bímọ sí Ẹdẹ, kí o má padà síbẹ̀ mọ́. O ní omi ìkòkò ń gbóná láìsí iná, pé o ò rí ẹni bá sọ Yorùbá láti àárọ̀ títí Salman yóò fi dé. O ní o kò bá bàbá rẹ láàyè, o kò bá ìsìnkú wọn, nítorí náà o fẹ́ wá dúró tì mí.

Ọmọ mi, èmi rò pé iṣẹ́ dókítà ni Salman lọ kọ́. Ìyábọ̀ ló là mí lójú pé dókítà màlúù ni. Màlúù! Ọkùnrin fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó gbé ọmọ mi sọdá odò Ọya, kó lè mọ ohun tó ń ṣe màlúù! Ta ni màlúù ń sọ ibi tó ń dùn ún fún? Mo bínú dáadáa. Ṣùgbọ́n mo tún rántí bàsíà. Bàbá yín, kí Ọlọ́run foríjìn wọ́n, ṣe dáadáa sí mi fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọn kò fọ gèlè kan fún mi rí.

Èmi náà kó kúrò ní Ara ìlú mi tẹ̀lé ọkọ. Má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé Ara kò jìn sí Ẹdẹ, pé ọ̀kadà á débẹ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná. Síbẹ̀, oṣù mẹ́ta ni mo fi sunkún. Mo ní omi Ẹdẹ kò dùn. Ni bàbá yín bá ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ bá mi pọn omi Ara wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo ń mu ún, mo ń ní kò sí irú omi Ara láyé. Ìgbà tí mo bí ọ ni wọ́n tó jẹ́wọ́ pé kànga mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú ni àwọn ń yà sí. Mo bá wọn jà dé àárín agbo ilé. Ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé ẹkún nígbà náà.

Nítorí náà, má wá. O kò ṣẹ̀ bàbá rẹ, wọn kò bínú sí ọ, ọ̀nà ló jìn. Mo ṣì ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ tèmi lórí bẹ́ẹ̀dì, n kò tíì lè nasẹ̀ dé ti wọn. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè, tó ń fọṣọ fún un nínú oòrùn, kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sùn bẹ́ẹ̀. Dúró ti Salman. Èmi ni màá wá.

Kí Salman wá ibòmíràn tí á máa sùn, nítorí n kò lè bá ọkọ ọmọ mi sùn ní yàrá kan náà, kó lọ bá àwọn màlúù rẹ̀ tí kò bá sí àyè. Kí ẹ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Ìyábọ̀, kí ẹ fi owó bàtà tó le kún un. Owó àlọ nìkan ni mo ń béèrè. Ìyábọ̀ ní ti àbọ̀ ńkọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ dé ná. Ta ni mo fẹ́ sáré padà wá gbọ́únjẹ fún?

Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ọmọ á ké, ìwọ náà á gbóhùn rẹ̀, etí tèmi á wà nítòsí. A ò tún ní pẹ́ débi tí a ò ní bá ara wa láàyè mọ́ nínú ilé wa. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.