Ẹja Tí Màmá Yan Pa Mọ́ De Ọmọ

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Òpópónà Ẹsẹ̀-Odò,
                                                  Kuje-Àmúwo,
                                                  Ẹ̀bá Festac, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                  19 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ìfẹ́dayọ̀ mi ọ̀wọ́n, ìyekan tí Festac fún mi,

O kú òjò o. O kú ìtọ́jú ilé, o kú wàhálà àwọn ọmọ. Báwo ni Àkúrẹ́? Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti rí ìwé ìgbéga ibi iṣẹ́ wọn gbà, àbí ọ̀gá wọn ṣì ń sọ fún wọn pé ó dọ̀la? Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Ṣé Kẹ́hìndé ti jáwọ́ nínú yẹ̀pẹ̀ jíjẹ? Mọ́mì ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbà fún wọn? Sọ fún wọn pé ọ̀pá tí mo fi ránṣẹ́, kí wọ́n máa fi í tilẹ̀ rìn ni. Kì í ṣe pé kí wọ́n gbé e ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Bí o bá ń béèrè wa, a wà láàyè. Mi ò ní fi nǹkan kan kún un.

Mo mọ̀ pé o ti pè mí pè mí. Mo rí gbogbo rẹ̀. Bí mo bá gbé e, wàá bẹ̀rẹ̀ ẹkún, èmi náà á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, màá gé e. Lẹ́tà ò ṣe é gé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Èmi tí ẹ ń pè ní Ká-Ṣe-É-Ká-Lọ níléèwé, tí mi ò lè fara da kí tíṣà pẹ́ dé kíláàsì, èmi náà ni mo ń sún lẹ́tà kan ṣoṣo síwájú láti ìgbà òjò àkọ́kọ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán.

O rántí ilé wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọjú sí ọ̀sà. Ilé ìdáná Màmá, ìyá Mansur ọkọ mi, dá dúró níbẹ̀ lẹ́bàá omi. Mo ra sítóòfù gáàsì olójú mẹ́rin sínú ilé, wọ́n gbé ìgò ìpara wọn lé e lórí. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń dáná, omi ni wọ́n sì fi ń mọ ìgbà. Bí ọyẹ́ bá mú, omi ọ̀sà á di oníyọ̀, akàn á pọ̀, wọ́n á se ìkókoré fún wa títí ọ̀fun á fi kọ̀ ọ́. Bí òjò bá dé, omi á dúdú, iyọ̀ á lọ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á ní ọbẹ̀ gbígbóná ló kù, kí òtútù má bá wa jà.

Nígbà tí oyún mi hàn dáadáa, ọyẹ́ ló ń fẹ́. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni Samson, apẹja tó ń tu ọkọ̀ kọjá lẹ́yìn ilé wa, máa ń kó ẹja àrọ̀ wá láti inú àwọn adágún tó ń gbẹ. Màmá ń rà á bí ẹni tó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ. Samson ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ ra odò tán ni?" Wọ́n ní, "Ìwọ gan-an ni mo máa rà tán bí o bá tún gbé èyí tó rí bí ìka wá bá mi." Wọ́n ká àwọn ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ki ìrù bọ ẹnu, wọ́n fi igi tín-ín-rín há a, wọ́n tò wọ́n sórí wáyà tó bo ẹnu àgbá. Èéfín ń bá a láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ti ìsọmọlórúkọ ni.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ra firísà. Bó bá ku ọ̀la, a ó ra ẹja tútù, kò ní kòkòrò, kò ní wàhálà."

Wọ́n ní, "Firísà mọ àdúrà ni? Orí ni ẹja fi ń la ibú. Kí ọmọ yín náà forí tirẹ̀ la ibú. Ẹ̀yin ọmọ ìwé, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ẹ gbọ́kàn lé."

Mansur fẹ́ yọ ọ̀kan jẹ lọ́jọ́ kan, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ gbá a lọ́wọ́: "Gbé e sílẹ̀, ọ̀lẹ! Ti ọmọ yín ni!" Bàbá tó ń bọ̀ wá bímọ, wọ́n lé e jáde nílé ìdáná bí ajá. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Òjò dé nínú oṣù Karùn-ún, ọmọ kò sì dúró. Obìnrin ni. Ìyẹn ìwọ náà ti gbọ́. Ohun tí o kò tíì gbọ́ nìyí: ẹ̀jẹ̀ ò dá. Wọ́n ní láti yọ ilé ọmọ mi kí n má baà tẹ̀ lé e. Dọ́kítà sọ ọ́ fún èmi àti Mansur nìkan, kò fi sábẹ́ ahọ́n sọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Mo bi í pé kí ló wá kù tí a lè ṣe. Ó ní kò sí. Ìfẹ́, gbogbo ẹ̀kọ́ òwò tí mo kọ́, wọ́n kọ́ wa ní ohun tí èèyàn ń ṣe bí ọjà bá wọ́n, bí oníbàárà bá sá, bí ilé ìtajà bá jóná. Wọn ò kọ́ wa ní ohun tí èèyàn ń ṣe sí "kò sí."

Mo délé, àwọn akíni bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àǹtí Láídé ilé kejì ló ṣáájú: "Hídáyà, má sunkún mọ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ẹni tó kàn sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó sí fàráńdà ẹ̀yìn, ọ̀sà tẹ́ rẹrẹ níwájú wọn, wọ́n ń sọ fún mi pé omi ló dànù. Mo fẹ́ bi wọ́n pé, bó bá wá jẹ́ pé agbè ló fọ́, kí la máa ń sọ? Mo ti ronú rẹ̀ títí, mi ò rí i. Ẹnu ibi "ò fọ́" ni àwọn baba wa bá ọ̀rọ̀ yẹn dé, wọ́n sì dìde lọ.

Màmá ń ṣe "àmín" sí gbogbo rẹ̀. Bó bá sì ti di ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti mọ́sáláṣí dé, wọ́n á sọ agbọ̀n ẹja kalẹ̀ láti orí àjà, wọ́n á dá iná fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á tún un yan kí kòkòrò má bàa wọ̀ ọ́. Wọ́n á máa fẹ́ ẹ, wọ́n á máa kọrin sí i. "Ti ọmọ yín," ni wọ́n ń wí. "Èyí tó ń bọ̀."

Mo sọ fún Mansur pé kó sọ fún ìyá rẹ̀. Òun nìkan ni wọ́n bí, òun ló yẹ kó sọ ọ́. Ó ní ká jẹ́ kí Iléyá kọjá. Iléyá kọjá. Ó ní ká jẹ́ kí òjò rọlẹ̀ ná, pé ẹ̀jẹ̀ Màmá ti ga. Òjò sinmi lóṣù Kẹjọ, oòrùn yọ, gbogbo àdúgbò ń sá aṣọ, ó ní ká ní sùúrù. O mọ̀ mí, Ìfẹ́. Bí ọmọ iṣẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀bù bá dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀, ilé ló ń lọ. Ṣùgbọ́n èmi náà dákẹ́. Mo ń gba ilé ìdáná kọjá lójoojúmọ́, èéfín ń wọ̀ mí lójú, mo ń dákẹ́.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, òjò kan rọ̀ tí kò dá. Omi ọ̀sà gun ẹ̀yìn ilé wa. Èmi ti ṣètò tèmi: mo ti gbé firíìjì lé búlọ́ọ̀kù, mo ti kó gàrí àti ìrẹsì sókè àpótí aṣọ, mo ti pa iná. Mo wò yíká, mi ò rí Màmá. Inú ilé ìdáná ni mo bá wọn. Wọ́n dúró lórí àpótí ìjókòó, omi ti bo àpótí náà mọ́lẹ̀, wọ́n gbé agbọ̀n lérí, apá wọn ń gbọ̀n. Ìkòkò wọn ń léfòó kọjá lẹ́sẹ̀ wọn, wọn ò tilẹ̀ wò ó.

"Hídáyà, bá mi gba ti ọmọ yín! Tètè, kó má bọ́ sómi!"

Mo gbà á, mo gbé e sáyà. Ó fúyẹ́, Ìfẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí omi fà, Màmá lọ sí àsàlátù lọ́jọ́ Àìkú. Mo sọ agbọ̀n náà kalẹ̀. Mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbìyànjú láti yọ ìrù ọ̀kan lẹ́nu rẹ̀ kí ó lè tẹ́ nínú ìkòkò, ó dá mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n máa ń ní ẹja gbígbẹ ò ṣe é ká. Kò ṣe é nà náà. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò wọn tó tóbi jù, epo, irú, àlùbọ́sà. Mo da ata rodo sí i lọ́pọ̀ kí ojú mi lè rí ohun tó máa fi ṣe àwáwí.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: "Ta ló ń yan ẹja lónìí tí kì í ṣe Jímọ̀?" Wọ́n dé ẹ̀yìn, wọ́n wo òkè àjà, wọ́n wo ìkòkò. "Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ti ọmọ yín?"

Mo ní, "Màmá, agbè ti fọ́. Ọjọ́ tí ọmọ lọ náà ni wọ́n yọ ọ́. Mansur mọ̀. Kò sí èyí tó ń bọ̀."

Wọ́n bọ́ híjáàbù wọn, wọ́n fi kọ́ ìṣó. Wọ́n mú ìgbakọ, wọ́n tọ́ ọbẹ̀ náà wò.

"Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n rọ èbà. Inú àwo kan la ti jẹ ẹ́. Wọ́n ń yọ eegun, wọ́n ń ti ẹran ẹja sí ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí mi ò lè gbé e mì, wọ́n ní, "Jẹun. Ìwọ náà, ọmọ ni ọ́." Ìgbà yẹn ni mo sunkún, kì í ṣe ti ata. A pín ìyókù ọbẹ̀ fún Àǹtí Láídé àti àwọn ará ilé wọn. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn ò dáná. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. O mọ bí mo ṣe ń ṣe bí iṣẹ́ bá parí: mo wẹ̀, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ìjẹta, Jímọ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù dé nírọ̀lẹ́, mo rí èéfín. Mo rò pé iná ń jó. Mo sáré dé ẹ̀yìn. Màmá jókòó ti àgbá, abọ́ àrọ̀ tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbẹ. Kò sẹ́ni tó ń yan ẹja ìpamọ́ nínú òjò, Ìfẹ́. Igi tútù, ilẹ̀ tútù, funfun á hù sí i lára. Màmá fúnra wọn ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ti ta ni tòní?"

Wọn ò gbójú sókè. "Ti ọmọ ni."

"Ọmọ wo, mà?"

Wọ́n fẹ́ iná náà títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọmọ Mansur."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, "ọmọ yín" ni. Mi ò ní kí wọ́n tún un wí. Mo kọ́ ìṣirò, mo mọ ẹni tí wọ́n yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Omi ń bọ́ lójú wọn sí ẹja náà, wọn ò nù ún. Mo sì bi Mansur láàárọ̀ àná. Ó wolẹ̀. Ó ní Màmá kàn ń dárò ni, ká ní sùúrù. Mo ti mọ ibi tí sùúrù Mansur máa ń gbé e dé: ibi tí ẹlòmíì ti bá a parí rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, nítorí ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Ọwọ́ Màmá ń gbọ̀n, láti ọjọ́ omi yẹn ni apá wọn ò ti padà bọ̀ sípò. Ẹja ń yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó ń bọ́ sí ẹrẹ̀, wọ́n ń ṣà á. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. O mọ̀ pé mi ò lè wo iṣẹ́ tí kò lọ. Ẹja tútù là ń ká. Bó bá di ọ̀la kò ní gbà mọ́. Mo sọ báàgì mi kalẹ̀, mo jókòó tì wọ́n, mo gba abọ́ náà. Mo ń ká a, mo ń ki ìrù bọ ẹnu, mo ń há a, mo ń gbé e fún wọn, wọ́n ń tò ó. A ṣe é tán kó tó di pé ilẹ̀ ṣú.

Aṣọ ọmọ tí o ní àwọn ìbejì ti dàgbà jù, tí o kó pamọ́ dè mí, kó o fún ẹni tó bá bímọ lágbègbè rẹ. Má kó o bọ̀. Bí o bá máa wá, wá nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà wa ò ní ní ẹrẹ̀. Má sì bá mi sọ ti omi àti agbè. Jókòó tì mí lásán, ìyẹn á tó.

Kí Bàbá Ìbejì fún mi, kí Mọ́mì, fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Mansur ní kí n kí ọ. Màmá náà kí ọ dáadáa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yan ẹja díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ìbejì. Mo ní kò sí àyè lórí wáyà mọ́.

                                                  Èmi náà ni, tìrẹ bí ti tẹ́lẹ̀,

                                                  Hídáyà.