Táyà Mẹ́rin Tí Kò Bára Tan

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí orúnkún yín sì ti máa gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ara èmi àti àna yín le, a dúpẹ́.

Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń fi pamọ́ fún yín láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó, kò sì ṣeé gbé mì mọ́. A ti ra mọ́tò. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n tiwa ni. Èyí tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi ọmọ yín ni mo ń wà á! Ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ rántí pé ẹ ní ẹ ò ní lè wá wo ilé mi, nítorí orúnkún yín kò gba ìfúnpọ̀ inú ọkọ̀ èrò mọ́. Ó dùn mí wọra. Ọjọ́ yẹn ni mo ti fi sọ́kàn pé èmi fúnra mi ni n ó wá gbé yín.

Àbùkù kan ṣoṣo ni mọ́tò náà ní: táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bára tan. Ọ̀kan ga, ọ̀kan ń dán bí orí apárí, méjì yòókù kò jọ ara wọn. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Oríṣiríṣi. Àna yín ní kí a jẹ́ kí àwọn táyà náà jẹ tán ná, torí àga pálọ̀ là ń tu owó jọ fún. Mo ní aránṣọ ni mí: bí mo bá fi aṣọ líle rán apá ọ̀tún ẹ̀wù, tí mo fi èyí tó ń nà rán tòsì, ṣé kò ní wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mọ́tò kì í ṣe ẹ̀wù.

Mo bá fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ fa ilà sójú táyà méjèèjì iwájú, a wà á dé òpin àdúgbò, a sọ̀ kalẹ̀ wò ó. Lára ọ̀kan, ilà ti parẹ́ pátá. Lára èkejì, àárín nìkan ló parẹ́. Wọn kì í tẹlẹ̀ bákan náà rárá. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ó ní ó di ìparí ọdún.

Lẹ́yìn náà ni òjò rọ̀. Mo tẹ bíréèkì ní oríta, mọ́tò sì fi ìdí yí, ó dojú kọ ibi tí a ti ń bọ̀. A ò kọlu nǹkan kan, ọpẹ́ ni. Àna yín tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kọjú sí mi. Ó ní, “Ìyàwó mi, àga á dúró dè wá. Ìyá tèmi ti lọ. Ọ̀kan tó kù fún wa yìí, mi ò lè fi ta tẹ́tẹ́.”

Màmá, irú ọkọ tí mo fẹ́ nìyẹn! Ọjọ́ kejì la pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Òjò tún ti rọ̀ láti ìgbà náà, mo sì tẹ bíréèkì ní oríta yẹn kan náà. Ó dúró gbọnrangandan. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo rán an.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́, ẹsẹ̀ yín yóò sì tẹ ilé mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Aránṣọ tó di awakọ̀.

Àfikún: Ẹní la ó jókòó lé nílé wa, ṣùgbọ́n àga kan ṣoṣo tó wà, tiyín ni. Àna yín ni yóò dáná. Bí mo bá wá gbé yín, iwájú mọ́tò lẹ ó jókòó sí. Ẹ̀yìn jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn àbúrò mi méjèèjì. Ẹ sọ fún wọn pé n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni: kí gbogbo wọn ti dé ọ̀dọ̀ yín kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó mọ́, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀.