Iná Pupa Inú Kùrukùru

Àdúgbò Arcella,
Padova.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá.

Ìyá Dèjì mi ọ̀wọ́n,

"Mẹ́sàn-án ni a ń jáde, mẹ́sàn-án ni a ó sì wọlé. Kò sí ẹ̀dá alààyè kan tí yóò sọnù lójú ọ̀nà tí èmi Sàká bá ti ṣíwájú." Báyìí ni Ààrẹ ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wa wí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí a tò sẹ́bàá odò Bacchiglione nínú òtútù, pẹ̀lú ṣòkòtò tó fún mọ́ni lára débi pé kò bo àṣírí kankan. Mo tún ọ̀rọ̀ náà kọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, nítorí ó ṣì ń dún létí mi.

Kí n tó lọ jìnnà, mo kí yín o. Ṣé ara le? Ṣé eékún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ìwé wa ṣì ń so, àbí wọ́n ti gé e? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín ní ìjókòó, kí ó bá yín nínú àlàáfíà. Èmi náà ń bẹ. Ìfẹ́táyọ̀ ọmọ mi, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, wà dáadáa, ó sì ti gba kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin náà wò mí látòkèdélẹ̀, ó ní, "Nonno, ma sei matto?" Ó ń bi èmi bàbá àgbà rẹ̀ bóyá orí mi dàrú ni.

Dèjì wà láàyè. Mo fẹ́ kọ ìyẹn lọ́tọ̀, kí ọkàn yín lè balẹ̀ ka ìyókù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ló kán, wọ́n ti fi P.O.P. dì í, ó ń jẹun, ó sì ń ṣàròyé pé wọn kì í fi ata sí oúnjẹ ilé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé ó ti pè yín, ó sì ti sọ fún yín pé tíṣà òun àtijọ́ ló yọ òun nínú kòtò. Ẹ ṣàdúrà fún mi títí lórí fóònù, èmi náà ń ṣe àmín, àmín, bí ẹni tí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ tọ́ sí. Kò tọ́ sí mi. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà nìyẹn. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, ohùn mi á máa gbọ̀n, ẹ ó sì rò pé òtútù ni.

Sàká yìí ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní òpópónà Via Piave, ní ìlú Mestre. Òun ni Ààrẹ, Olùdásílẹ̀ àti Atọ́nà Àgbà ẹgbẹ́ wa. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ẹni mẹ́ta ni wọ́n, kò rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní magazzino bíi Dèjì, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sókè sódò, tàbí tó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Èmi nìkan ni arúgbó tí ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín wọn, kẹ̀kẹ́ mi sì ní bátìrì. Wọ́n wá fi mí joyè "scopa", ìyẹn ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ ló máa ń wà lẹ́yìn pátápátá. Kò gbọdọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́kù sẹ́yìn òun. Ẹni tó wà níwájú mi gan-an ni Dèjì.

Nígbà tí a gun òkè Colli Euganei, a yọ lórí kùrukùru bí ẹni tó yọrí lódò. Oòrùn ń ràn. Ewé ọgbà àjàrà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú ní apá ọ̀tún àti òsì. Mo bojú wẹ̀yìn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí a ti wá kò sí mọ́. Funfun ni gbogbo rẹ̀, àyàfi orí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan tó yọ ṣóńṣó. Dèjì ní, "Sà, ó dà bíi pátákó kíláàsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, tí ẹfun ṣì bò." Mo ní, "Ta ló nù ún? Ìwọ tí o máa ń sá nígbà tó bá kàn ọ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ṣùgbọ́n inú funfun yẹn ni ilé wà, a sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

A sọ̀ kalẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ìyá Dèjì, èmi tí mo fi ọ̀rọ̀ kọ́ni fún ọdún mẹ́rìndínlógójì kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Mi ò rí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi dáadáa. A gun orí argine, òkìtì gígùn tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ mọ lẹ́bàá odò kí omi má baà wọ oko. Ọ̀nà tóóró ló wà lórí rẹ̀: omi lápá ọ̀tún, kòtò lápá òsì. Sàká kígbe láti iwájú pé, "Kí oníkálukú tẹ̀ lé iná tó wà níwájú rẹ̀! Ẹ má wo ibòmíràn!" Wọ́n ń sọ ọ́ láti ẹnu dé ẹnu títí ó fi kan Dèjì, òun náà sì sọ fún mi: "Iná ni kí ẹ máa wò, sà." Mo sì ń wo iná pupa ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí mo gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀ lápá òsì. Ó rọra sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo gbọ́ ọ. Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo gbójú sókè, mo rí iná pupa níwájú mi, ó ń lọ, mo sì sọ fún ara mi pé níwọ̀n ìgbà tí Dèjì wà níwájú, ohùn yẹn kò lè jẹ́ tirẹ̀. Mo ní etí àgbàlagbà ni, ohùn kíláàsì àtijọ́ ló ń dún nínú rẹ̀. Mo kọjá lọ.

Mo pe iná náà: "Dèjì!" Kò dáhùn. Inú bí mi. Mo ní ta ló kọ́ ọmọ yìí pé kí àgbà máa pe òun kí òun máa lọ? Mo fi kún eré kí n lè bá a, kí n bá a wí. Iná náà kò jìnnà sí i, kò sún mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó já sísàlẹ̀. Kì í ṣe pé ó rọra ń kéré bí iná tó ń jìnnà. Ó já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Mo fa bíréèkì. Táyà iwájú mi dúró lórí igi ìdínà kan tó ti ṣubú. Òjò ọ̀sẹ̀ méjì ti jẹ argine níbẹ̀, ọ̀nà ti gé, mo sì ń gbọ́ omi nísàlẹ̀ bó ṣe ń sáré. Mo dùbúlẹ̀ lórí ikùn mi nínú ẹrẹ̀, mo ń kígbe orúkọ ọmọ yín sí inú omi. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín.

Fóònù mi dún. Dèjì ni. "Ẹ má bínú, sà. Mo ti ṣubú. Ẹ ti kọjá mi. Mo pè yín, àmọ́ mi ò fẹ́ pariwo mọ́ yín."

Ẹ̀yìn náà ló yé mi. Àwọn tó kù ti gba ibi tí ọ̀nà ti sọ̀ kalẹ̀ sí títì. Dèjì fẹ́ yà tẹ̀ lé wọn, táyà rẹ̀ yọ̀ lórí koríko tútù, ó já sínú kòtò, kò sì sí ẹni tó kù láti sọ fún mi pé a ti yà. Ọmọ náà nà sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán, ó rí iná mi lókè, ó sì pè mí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin, pé kó má kígbe mọ́ àgbà láé. Ẹ rántí, èmi ni mo kọ́ ọ. Mo tilẹ̀ fi pàṣán kọ́ ọ.

Ìyá Dèjì, ohun tó burú jù ló kù. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀, inú mi dùn. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo sunkún, mo dìde, mo yí kẹ̀kẹ́ mi padà, mo kẹ̀yìn sí omi náà, mo sì lọ yọ ọ́ nínú kòtò. Ìgbà tí wọ́n ń gbé Dèjì sínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn, bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ara mi pé, tí Dèjì bá wà lẹ́yìn, iná ta ni mo ń tẹ̀ lé?

Mo sọ ọ́ fún àwọn tó wá gbé e. Àwọn panápaná gbé ọkọ̀ ojú omi wá. Ọ̀gá wọn béèrè bóyá gbogbo wa pé. Kí n tó lanu, Sàká ti nàró: "Tutti! Nove!" Gbogbo wa, mẹ́sàn-án! Ó ka orí wa kọ̀ọ̀kan fún wọn. Wọ́n wá inú omi náà títí di ìrọ̀lẹ́, wọn kò rí nǹkan kan, kò sì sí ẹni tó wá sọ pé òun ń wá èèyàn. Wọ́n ní bóyá ojú ló tàn mí. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Sàká ti lọ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹsẹ̀ Dèjì, ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé mẹ́sàn-án jáde, mẹ́sàn-án wọlé.

Mo ti sọ ohun tí mo ṣe fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ gba àdúrà yín padà, ẹ̀tọ́ yín ni. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ Dèjì jinná dáadáa. Kí ó máa jẹ́ ohùn ayọ̀ ni ẹ ó máa gbọ́ lórí fóònù yín. Kí ó ṣojú ẹ̀mí gbogbo wa tí Dèjì yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé tọ̀ yín wá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ yín, tí a jọ kọ́ni nílé ìwé kan náà,
Ọláńrewájú Fáṣínà.

Àfikún: Mo fẹsẹ̀ rìn padà síbẹ̀ lánàá. Wọ́n ti gbé igi ìdínà tuntun síbẹ̀. Mo bi ọkùnrin kan tó ń gé ẹ̀ka àjàrà nítòsí bóyá ẹnì kan wà tí kò wá síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Ó ní àwọn alágbàṣe oko máa ń fi kẹ̀kẹ́ wá, wọ́n á tún lọ, òun kì í bi wọ́n lórúkọ. Dèjì ní ìyá tí mo lè kọ lẹ́tà sí. Ẹni tó ń lọ níwájú mi yẹn, ọmọ ta ni?