Mi Ò Fẹ́ Sọ́márì, Odindi Ìdájọ́ Ni Kí Wọ́n Fún Mi

Ajégúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Owódé Onírin

Ìbùkúnolúwa ọmọ mi,

Èmi tí mo fi orí ru irin àlòkù láti Owódé Onírin dé Kétu títí irun àárín orí mi fi kọ̀ tí kò hù mọ́, èmi tí mo sùn sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ̀fọn sọ mí di oúnjẹ alẹ́, tí mo mu gàrí láìsí ṣúgà títí ahọ́n mi fi gbàgbé adùn, tí omi gbé bẹ́ẹ̀dì mi lọ tí mo sì wẹ̀ tẹ̀ lé e tí mo gbà á padà, èmi náà ni mò ń kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá? Ṣé ọkọ rẹ ń gbọ́ràn? Ọlọ́run tó sọ aláàárù di ọ̀gá onírin kò ní jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì jẹ.

Ìyá rẹ wà dáadáa. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti gbóògùn, ó ti ń bá mi jà láti ìdáná dé pálọ̀ láìjókòó sinmi. Pásítọ̀ fi mí ṣe alága ìkórè, wọ́n kúkú mọ ẹni tó ní in. Omi kò tíì wọlé lọ́dún yìí, àmọ́ odò ti ń wò wá.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ Adékọ̀yà, kọ́ńtírákítọ̀ tó ń kọ́lé ní ẹ́sítéètì kan ní Ìkòsí. Ó gba irin lọ́wọ́ mi láwìn, irin náà ti di ilé alájà méjì, àwọn ayálégbé ti ń sá pátá sórí irin mi, mi ò rí kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ owó yẹn ni mo fẹ́ fi gbé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù sókè kí òjò tó dé, torí bí omi bá tún kan ọjà mi lọ́tẹ̀ yìí, irin tó dógùn-ún ni màá máa tà.

Lóṣooṣù ni mo ń kọ gbèsè rẹ̀ sílẹ̀, tí mo ń fi fóònù yà á, tí mo ń fi ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù. Kì í fèsì, àmọ́ ó ń máàkì í. Á kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù máàkì í, tó bá yá á wá fi bírò búlúù tẹ̀ ẹ́: kọ́rẹ́ẹ̀tì, kọ́rẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mo kàwé dé ìwé mẹ́ta, tí tíṣà kò fún ní kọ́rẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo rí, èmi ni ọ̀mọ̀wé ń fún ní méjì-méjì!

Ìgbà tí mo wá gbé e lọ kóòtù ló rántí pé irin náà kò pé. Suwebat tó ń ta ìṣó nítòsí mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní ṣé ilé náà ti gbọ́ pé irin òun kò pé ni, kó yáa fi ẹsẹ̀ kan dúró. Lọ́jà tiwa, ẹni tí ẹran rẹ̀ kò bá pé, orí igbá ló ti ń sọ ọ́, kì í ṣe ìgbà tó ń tayín. Ẹni tí a ka gbèsè sí létí léraléra tí kò wí nǹkan kan, ó ti jẹ́wọ́. Kí ni kóòtù tún fẹ́ máa fà gùn síbẹ̀?

Lọ́yà Cecilia, ọmọbìnrin tó ní ọ́fíìsì ní Kétu, gbà fún mi. Ó ní Daddy, ẹ kò nílò ẹlẹ́rìí, ìwé nìkan ni adájọ́ máa wò, bí Adékọ̀yà kò bá ní àwíjàre gidi, kíá ni ìdájọ́ máa jáde. Inú mi dùn, àfi ìgbà tó dárúkọ ohun tó fẹ́ bá mi tọrọ. Ó ní sọ́márì jọ́jímẹ́ǹtì.

Ìbùkún, sọ́márì! Ó rò pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣé kì í ṣe ìṣojú mi nínú ṣọ́ọ̀bù lo ti kọ́ ọ nígbà tí o fẹ́ ṣe Wáyẹ̀ẹ̀kì? Wọ́n á fún ọ ní ọ̀rọ̀ gbọọrọ, wọ́n á ní kí o gé e sí ìlà méjì, wọ́n á ní ìyókù kò ṣe pàtàkì. Èwo nínú irin mi ni kò ṣe pàtàkì? Mo sọ fún un pé kí ìdájọ́ yára ni mo fẹ́, mi ò ní kó kúrú. Ó ń bẹ̀ mí, ó ní gbogbo owó yín pátá lẹ máa gbà, Daddy, bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ẹjọ́ yìí lè pẹ́ ju ilé náà lọ. Ó wá fọwọ́ bojú. Mo ní kó má sunkún, ọmọdé ṣì ni, yóò mọ̀ ọ́n.

Mi ò tọrọ owó o, olówó ni bàbá rẹ. Àmọ́ fi nǹkan ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà tí màá wọ̀ lọ kóòtù. Inú àkáǹtì tí kì í pariwo ni kí o fi í sí, torí bí alẹ́ẹ̀tì bá ti dún báyìí, ìyá rẹ ti dé.

Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ rẹ, ọmọ á sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ, ayé rẹ kò ní di sọ́márì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pe ẹjọ́ náà. Iwájú pátápátá ni màá jókòó sí. Bí lọ́yà bá ti la ẹnu pe sọ́márì, màá nawọ́ sókè, màá ní Ọ̀gá Adájọ́, ẹ dákun, ẹ máa kà á bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ti jẹun kí n tó wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọláṣùpọ̀ Onírin